Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni kó ra táyà àti ṣọ́kù

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú wa, pàápàá àwa tá a rówó díẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, tá a wá gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Táyà àti ṣọ́kù kì í ṣe ẹrù dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó máa rà á, kó ra èyí tó dáa, kó sì mọ ohun tó ń rà. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Mo ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ àti ti ọ̀kadà ní Jos níbí, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, sẹ́kọ́ńdìrì ni mo sì kà mọ, àmọ́ ohun tó ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́ ti kọ́ mi ní púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí láàárín wa. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe ẹni tó ń wà á ló ni ín. Ẹnì kan ló rà á, ó gbé e fún ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ náà ń dá owó ọjọ́ fún un, tàbí kó máa san owó kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tirẹ̀. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnì bá kú, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á tún un ṣe. Bí táyà bá jẹ tàbí tí ṣọ́kù bá kú, dẹ́rẹ́bà á wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ní nǹkan kéékèèké nìyẹn. Bí owó ọjọ́ ò bá sì pé, ìjà ni.

Nítorí náà, tí táyà bá ti pá, ọmọ yẹn á wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú owó tó ṣẹ́kù lápò rẹ̀. Á ní, "Bàbá, ẹ káàsán sà. Èwo ni owó rẹ̀ kéré jù?" Kò ní béèrè èwo ló dáa. Kò ní béèrè èwo ló bá ọ̀nà tó ń gbà mu. Mi ò bú u o. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tirẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọ̀la ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ òun. Ta ló máa fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ra táyà gidi sórí kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì?

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ rò pé òun ti jẹ èrè. Kò mọ̀ pé òun gan-an ló ń san gbèsè yẹn lẹ́yìn.

Kí ló dé tí táyà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́? Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, àmọ́ ààrò kì í rìn, kì í ṣẹ́ kọ́nà, kì í sì í tẹ búréèkì. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tó bá ń lọ tààrà, ara rẹ̀ balẹ̀. Tó bá wá sáré ṣẹ́ kọ́nà, tó tún tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ẹrù inú rẹ̀ á wọ́ lọ síwájú, sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ẹsẹ̀ kankan ò sí. Ibẹ̀ ló ń gbà dojú dé. Mọ́tò ní ẹsẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ̀kẹ́ ò ní. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níwájú yẹn ló ń darí rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Tí mọ́tò bá rí kòtò láàárín títì, dẹ́rẹ́bà lè gbé kòtò yẹn sáàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, kó sì kọjá. Kẹ̀kẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yẹ̀ ẹ́, tiwájú á já sínú rẹ̀ gbàà! Rímù kẹ̀kẹ́ tún kéré, íǹṣì mẹ́jọ péré ni. Kòtò tí ẹsẹ̀ mọ́tò máa gùn kọjá, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á wọnú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Jos, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: òkúta ṣóńṣó ṣóńṣó, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí òjò bá sì dé, ilẹ̀ pupa á máa yọ̀ bí ilá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ táyà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lórí kẹ̀kẹ́ Bajaj àti TVS tó wà níbí, 4.00-8 ni wọ́n kọ sí i lára. 4.00 yẹn ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì, 8 sì ni rímù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa rí 4PR, 6PR tàbí 8PR. Òun ló ń sọ bí agbára tí táyà fi ń gbé ẹrù ṣe tó. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe máa le tó, àti bó ṣe lè gbé ẹrù tó.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn nìyí. 4.00-8 kan náà lẹ máa rí lára táyà bárò, bárò táwọn ọmọ fi ń ti ẹrù nínú ọjà. Ó wọ rímù kẹ̀kẹ́ ṣíṣe, owó rẹ̀ sì kéré. Àmọ́ èèyàn ló ń ti bárò. Kì í sáré, kì í gbé èrò mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ òkè. Táyà bárò ò lè gba ooru tí eré ń mú wá. Tẹ́ ẹ bá gbé táyà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ti bárò fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ń ta á fún onímárúwá, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí táyà. Lára ọ̀pọ̀ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí kò tiẹ̀ tíì rìn. Táyà tó ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ lè máa dán, àmọ́ ẹ ká a díẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Táyà tòkunbọ̀ ńkọ́? Irú èyí tí mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ wa ń lò wà lára ohun tí ìjọba fi òfin dè, tí Kọ́sítọ́ọ̀mù sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀ ó kún ọjà. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ rí ìdí tó fi bọ́ ọ sọnù.

Ohun kẹta ni eyín táyà. Èyí tí ìlà rẹ̀ ń lọ gbọọrọ yí ara táyà ká, iwájú ló dáa fún, torí ó ń jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbọ́ràn, kò sì jẹ́ kó máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ kókó kókó, ẹ̀yìn ló dáa fún, nítorí ẹ̀yìn ló ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹni tó jẹ́ orí ọ̀dà nìkan ló ń rìn, eyín kúkúrú tó sún mọ́ra ni kó rà. Eyín gígùn á tètè jẹ tán lórí ọ̀dà, á sì máa pariwo. Ẹni tó ń wọ abúlé lọ kó ọ̀dùnkún àti tòmátì nínú ẹrẹ̀, eyín tó jìn tó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ni kó rà sẹ́yìn, kí ẹrẹ̀ lè máa jábọ́ lára rẹ̀. Tí eyín bá sún mọ́ra jù, ẹrẹ̀ á dí i, táyà á wá dà bí ẹni pé kò léyín rárá. Ṣé ẹ rí i pé èèyàn ò lè kàn wọ ṣọ́ọ̀bù kó ní "fún mi ní táyà"? Ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ ló ń sọ táyà tó yẹ kó wọ̀.

Ohun kẹrin, òun sì ni èyí tá a fojú kéré jù, ni atẹ́gùn. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà wa ò ní géèjì. Irin ni wọ́n fi ń gbá táyà, tó bá ti dún kókó, ó ti tó nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà náà á ní, "Ọ̀gá, ẹ fẹ́ ẹ kó le o, ẹrù pọ̀." Wọ́n á fẹ́ ẹ le bí òkúta. Wọ́n rò pé líle yẹn ni agbára.

Lálẹ́, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó ń tún ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àtijọ́ ṣe. Kì í ṣe Márúwá o, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn bí ọ̀kadà nínú igbó àti nínú yanrìn ni. Honda ló gbé e jáde lọ́dún 1970. US90 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kó tó di ATC90. Ẹ̀rọ yẹn ò ní sípíríǹgì, kò ní ṣọ́kù. Táyà rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́ta nìkan ló fi ń rìn lórí òkúta àti kòtò. Atẹ́gùn inú táyà náà ò ju nǹkan bíi 2 psi lọ, nígbà tí ti mọ́tò wa máa ń tó 30. Táyà yẹn rọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ni sípíríǹgì. Èyí tó tẹ̀ lé e, ATC110, táyà 22x11-8 ló ń lò. Gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 22, fífẹ̀ rẹ̀ 11, rímù rẹ̀ sì jẹ́ 8, rímù tó jẹ́ íye kan náà pẹ̀lú ti kẹ̀kẹ́ wa. Ọdún 1981 ni wọ́n tó gbé ATC250R jáde, tó ní ṣọ́kù níwájú àti lẹ́yìn.

Àwọn tó ṣì ń gun ẹ̀rọ yẹn dòní, mo gbádùn bí wọ́n ṣe ń yan táyà. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, ilẹ̀ wo la fẹ́ lọ? Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀, eyín gígùn tó jìnnà síra. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ líle, eyín kúkúrú. Wọ́n á wọn táyà ẹ̀yìn méjèèjì kí ọ̀kan má ga ju èkejì lọ. Wọ́n á jókòó lórí rẹ̀, wọ́n á wo bí sípíríǹgì ṣe rì tó, torí sípíríǹgì tí kò bá rì rárá nígbà téèyàn jókòó, kò ní lè na ẹsẹ̀ wọnú kòtò. Wọ́n tún mọ̀ pé tí ẹ̀yìn bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, orí ẹ̀rọ á tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa fì. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá sì lèyí o. Àwa tá a ń gbé ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ ilé ìwé, a ò béèrè nǹkan kan.

Kí n má sì gbàgbé, wọn ò ta ẹ̀rọ yẹn lọ títí. Ó ń dojú dé, èèyàn púpọ̀ fara pa, wọ́n kú níbẹ̀, ọmọdé sì wà nínú wọn. Lọ́dún 1988, àdéhùn tó wà láàárín ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fòpin sí títa tuntun. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ṣeré.

Ẹ gbọ́ o, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ fẹ́ 2 psi sí kẹ̀kẹ́ yín! Táyà tiwa tẹ́ẹ́rẹ́, tíúbù ló wà nínú rẹ̀, ẹrù sì wúwo. Tí atẹ́gùn bá kéré jù, táyà á gbóná, á máa yí lórí rímù, á sì já ẹnu tíúbù. Ohun tí mò ń sọ ni pé táyà ni sípíríǹgì àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ le jù, ẹ ti pa sípíríǹgì àkọ́kọ́ yẹn nìyẹn, gbogbo ohun tí kòtò bá ní, ara kẹ̀kẹ́ àti ìbàdí èrò ló máa gbà á. Ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá sọ iye atẹ́gùn tiwájú àti tẹ̀yìn, tẹ̀yìn sì máa ń jù tiwájú lọ torí òun ló gbé ẹrù. Àárọ̀ kùtù, kí kẹ̀kẹ́ tó rìn, ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí tó bá ti gbóná, iye tí géèjì máa sọ á ti lọ sókè.

Táyà náà máa ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tẹ́ ẹ bá mọ èdè rẹ̀. Tó bá jẹ láàárín nìkan, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ ní etí méjèèjì, atẹ́gùn kéré. Tó bá jẹ ní etí kan, ẹsẹ̀ yẹn ò dúró ṣánṣán mọ́, ẹ yẹ bọ́ọ̀ṣì àti bíárì wò. Tó bá wá jẹ ní gegele gegele, ibì kan jìn, ibì kan ga, ṣọ́kù ti kú, ẹsẹ̀ ń fò lórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́kù náà wá délẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣọ́kù ló ń gbé ẹrù. Rárá o. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ṣọ́kù ni pé kó má jẹ́ kí sípíríǹgì máa jó. Tí sípíríǹgì bá tẹ̀ tó sì dìde, ṣọ́kù á dì í mú, á ní "ó tó." Ẹ lọ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ fi gbogbo agbára tẹ ẹ̀gbẹ́ kan wálẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ lójijì. Tó bá dìde tó sì dúró, ó dáa. Tó bá ń lọ sókè sódò bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá sì rí ọ́ìlì tó ń ṣàn lára rẹ̀, kò sí ohun tẹ́ ẹ tún ń dán wò. Méjèèjì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ pa pọ̀. Ọ̀tún tuntun, òsì àtijọ́, kẹ̀kẹ́ á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni.

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa kan ń ṣe ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Tí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bá ti ń rì, wọ́n á ki rọ́bà tàbí pákó bọ àárín sípíríǹgì, tàbí kí wọ́n fi òrùka irin tì í kó lè ga. Dẹ́rẹ́bà á dúpẹ́, torí kẹ̀kẹ́ ti dìde, ó lè kó àpò kan sí i. Àmọ́ sípíríǹgì tí wọ́n ki nǹkan bọ̀ nínú ò lè tẹ̀ mọ́. Ó ti di òpó. Ó di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í là, ẹ máa wá wẹ́dà. Bíárì á kú, ẹ máa wá sọ́dọ̀ mi. Ìyàwó tó ní oyún á wọlé láàárọ̀, á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Tí òjò bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ tó ń fò kì í di ilẹ̀ mú, búréèkì yín á kàn máa tẹ afẹ́fẹ́ ni.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, kẹ̀kẹ́ ọmọ ìlú wa kan dojú dé níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Táyà iwájú ló bẹ́. Obìnrin kan tó pọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Apá obìnrin náà kán, Ọlọ́run ló yọ ọmọ. Nígbà tá a gbé táyà yẹn wò, táyà bárò ni. Ọ̀rọ̀ dé ìpàdé. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó lọ ra táyà bárò?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé táyà ti pá, wọ́n ní kí n má fi ìyẹn dí owó ọjọ́ àwọn lọ́wọ́." Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Owó ilé ìwòsàn, owó àtúnṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kẹ̀kẹ́ fi dúró láìpa kọ́bọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ju owó táyà mẹ́ta tuntun lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìtìjú tó wà níbẹ̀ tún ńkọ́? Ọmọ ìlú yìí ni obìnrin yẹn. Àwa la wá bá wọn. Tí kẹ̀kẹ́ wa bá ṣe wọ́n léṣe, kì í ṣe ẹni kan ni wọ́n ń fi ẹnu bà, gbogbo wa ni.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, tí èmi bá ra táyà tuntun, ọmọ yẹn á tú u tà, á fi àtijọ́ sí i. Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára táyà sínú ìwé, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i nínú, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tó bá mú owó wá. Wọ́n á tún ní, tí kì í bá ṣe owó rẹ̀, á máa fi táyà ṣòfò. Ẹ pín in: táyà àti ṣọ́kù jẹ́ tẹni tó ni kẹ̀kẹ́, lílẹ̀ àti atẹ́gùn jẹ́ ti dẹ́rẹ́bà. Tó bá sì jẹ́ ẹrù àpọ̀jù ló bà á jẹ́, kó san nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn, dẹ́rẹ́bà àti èrò mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá tún gbé èèyàn sọ́tùn-ún sósì dẹ́rẹ́bà, ó mọ ohun tó ń wá.

Àwọn míì á ní ọ̀nà ló bàjẹ́, ìjọba ló yẹ ká bá wí. Òótọ́ ni, kí ìjọba ṣe ọ̀nà. Àmọ́ kí wọ́n tó dé, kòtò ò ní dúró dè wọ́n, kẹ̀kẹ́ yín sì ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹnì kan á sì sọ pé torí mo ń ta táyà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọjà fún yín. Ẹni tó ń ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, òun ni mò ń rí jù. Á ra táyà, á padà wá ra tíúbù, á ra bíárì, á ra bọ́ọ̀ṣì, á tún padà wá ra táyà. Ẹni tó ra ojúlówó, tó sì ń wọn atẹ́gùn rẹ̀, ó lè pẹ́ kí n tó tún rí i. Ká ní èrè ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ni mò ń wò ni, ẹnu mi ò bá dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́, ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí rèé:

1. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ máa ra táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ṣọ́kù. Kódà tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ náà ń san owó kẹ̀kẹ́, títí á fi san án tán, tiyín ṣì ni.

2. Ẹ máa yọ díẹ̀ nínú owó ọjọ́ sọ́tọ̀ fún táyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́, ẹ lè dá a bí èsúsú, kó máa kárí láti orí kẹ̀kẹ́ kan sí èkejì.

3. Ẹ ra géèjì kan fún dẹ́rẹ́bà yín. Kó máa wà nínú kẹ̀kẹ́.

4. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sọ́jà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra táyà. Ẹ wo nọ́ńbà, ẹ wo PR, ẹ wo ọdún, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ yọ gbogbo rọ́bà àti pákó tí wọ́n ki bọ sípíríǹgì. Tí sípíríǹgì bá ti rẹ̀, ẹ ra òmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń wa kẹ̀kẹ́, tiyín ni pé kẹ́ ẹ rọra. Tí táyà bá pá, ẹ sọ ọ́, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ tẹ búréèkì kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀mí yín ṣe iyebíye fún àwọn òbí yín tó wà nílé ju owó ọjọ́ èèyàn kankan lọ.

A wá wá iṣẹ́ ajé ni lókè ọya yìí, a ò wá wá àárẹ̀. Ajé á máa rìn wá sílé wa, ẹsẹ̀ wa ò ní yọ̀, ọkọ̀ wa ò ní dojú dé, a ò ní fi àjò ṣe ilé ìsinmi. Àmín o.